Rílì àtijọ́ àbí ti ìgbàlódé: Èwo ló yẹ kí ẹ gbé lọ sí odò Brazos?

Bí ẹ bá ṣí gáráàjì àwọn ilé Yorùbá kan ní Alief, Missouri City, Richmond tàbí Katy, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ọ̀pá ìwọ̀ kan tó fara ti ògiri lẹ́yìn kúlà àti àpò ìrẹsì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ọ̀pá náà tí eruku ti bò. Òun ló ń ká okùn wọlé, òun náà ló ń tú u síta. Rílì làwọn apẹja níbí ń pè é. Bàbá ló sábà máa ń ni ín. Ó lè jẹ́ pé ìgbà tó wà ní yunifásítì ló rà á, ó sì lè jẹ́ pé aládùúgbò kan ló tà á fún un lọ́jọ́ Sátidé tó kó ẹrù jáde síwájú ilé.

Ọmọ rẹ̀ ló wá fẹ́ lọ pẹja báyìí. Ó wo fóònù rẹ̀, ó rí rílì tuntun tó ń dán, tí owó rẹ̀ lé ní dọ́là 150. Ó wo ti bàbá rẹ̀, ó wúwo, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Èwo ni kó mú lọ sí odò?

Ìbéèrè náà lè dà bí ọ̀rọ̀ eré, àmọ́ owó akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀. Ohun mìíràn náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá da rílì yẹn nù pẹ̀lú ìdọ̀tí, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó kò ní rí ohun tó máa fi kọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́.

Mo ti fi oríṣi méjèèjì pẹja lẹ́bàá Brazos, mo sì ti tú mélòó kan nínú wọn palẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí ẹ má fi ọjọ́ orí yan rílì. Ẹ fi ẹja tí ẹ ń wá àti omi tí ẹ fẹ́ dúró tì yàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá ẹ lè ṣí i, kí ẹ sì tún un ṣe fúnra yín.

Àwọn oníṣẹ́ aago ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀

Kí ló dé tí rílì tó ti pé àádọ́ta ọdún fi ṣì ń ṣiṣẹ́? Ẹ wo àwọn tó ṣe é.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkùnrin kan wà ní ìlú Paris ní ìpínlẹ̀ Kentucky tó ń jẹ́ George Snyder. Aago àti ohun èlò fàdákà ló ń ṣe. Òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe rílì tó jẹ́ pé bí ẹ bá yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bọ́bìnì tí okùn wà lórí rẹ̀ á yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Jíà ló fi ṣe é, bí ó ṣe ń lo jíà nínú aago.

Ní Sweden, ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Svängsta ní 1921. AB Urfabriken ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ilé iṣẹ́ aago. Ibẹ̀ ni orúkọ ABU ti wá. Wọ́n ṣe aago, wọ́n tún ṣe ẹ̀rọ tó ń ka owó nínú takisí, kí wọ́n tó yí sí rílì. Ní 1952, wọ́n gbé Ambassadeur 5000 jáde. Títí dòní, àwọn tó ń pẹja ńlá nínú odò Texas ṣì ń wá ìdílé Ambassadeur yìí kiri.

Ní Faransé, ilé iṣẹ́ Carpano & Pons wà ní ìlú Cluses, níbi tí iṣẹ́ aago ti gbilẹ̀. Àwọn ló ṣe Mitchell 300, rílì tí bọ́bìnì rẹ̀ kọjú síwájú, tó sì gbajúmọ̀ gan-an ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Zebco. R.D. Hull jẹ́ ọmọ Texas, ó ń tún aago ṣe ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Rotan. Ó ti sú u bí okùn ṣe máa ń lọ́ mọ́ra nígbàkigbà tó bá ju ìwọ̀. Ní 1947, ó gbé èrò kan lọ sí ilé iṣẹ́ Zero Hour Bomb Company ní Tulsa ní Oklahoma. Bọ́ǹbù aláago ni ilé iṣẹ́ náà ń ṣe fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo rọ̀bì. Ní 1949, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta rílì Hull. Ó ní ìdérí lójú. Zebco 33 jáde ní 1954, nígbà tó sì di 1956, ilé iṣẹ́ náà gé orúkọ ara rẹ̀ kúrú sí Zebco. Ní ìlú epo bíi Houston, ó yẹ kí ìtàn yìí pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ilé iṣẹ́ bọ́ǹbù kànga epo ló ṣe rílì tí ọ̀pọ̀ ọmọdé Amẹ́ríkà fi kọ́ ẹja pípa.

Oníṣẹ́ aago mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á ṣí ohun tí òun ṣe, nítorí náà ó máa ń lo sukúrù tó ṣeé tú, jíà idẹ, àti irin tí ẹ lè fọ̀, kí ẹ fi gírísì pa, kí ẹ sì tò ó padà. Ìdí nìyẹn tí rílì bàbá yín fi lè jí padà lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Àwọn tó ń ṣe ti ìgbàlódé náà ní ìtàn tiwọn. Ọdún 1921 kan náà ni Shimano bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Sakai ní Japan, àmọ́ ohun èlò kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń ṣe. Ọdún 1970 ni wọ́n wọ iṣẹ́ ìpẹja. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ tó ní jíà púpọ̀ máa mọ ohun tí wọ́n gbé wá: jíà tó ń yára, tí kì í dún, tí kò sì wúwo.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an?

Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ wà nínú jíà. Bí ẹ bá yí ọwọ́ Ambassadeur 5000 àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan, bọ́bìnì rẹ̀ á yí nǹkan bí ìgbà mẹ́ta àti ààbọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ rílì ìgbàlódé, á yí ìgbà mẹ́fà, méje, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó yára dára fún ẹni tó ń ju ìwọ̀, tó ń fà á wọlé, tó tún ń jù ú. Èyí tó lọ́ra lágbára ju tuntun lọ nígbà tí ẹja bá wúwo, gẹ́gẹ́ bí jíà kékeré ṣe ń gbé kẹ̀kẹ́ gun òkè.

Ìkejì ni bíréèkì. Rílì ní bíréèkì inú tó ń jẹ́ kí ẹja fa okùn jáde díẹ̀díẹ̀ kí okùn má baà já. Ní ayé àtijọ́, awọ tàbí aṣọ líle ni wọ́n fi ń ṣe àwọn pẹlẹbẹ inú rẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ, bíréèkì á máa dì mú lójijì, á sì tún máa tú lójijì. Àwọn tuntun ń lo kábọ́ọ̀nù, èyí tó máa ń tú okùn sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé wọ́n ń ta pẹlẹbẹ kábọ́ọ̀nù fún ọ̀pọ̀ Ambassadeur àti Penn àtijọ́. Ẹ lè yọ awọ, kí ẹ fi kábọ́ọ̀nù rọ́pò rẹ̀.

Ìkẹta ni ohun tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ rílì yí padà sẹ́yìn. Ti àtijọ́ ń lo irin kékeré kan tó máa ń kọ́ eyín jíà, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ máa ń mì díẹ̀ kó tó dúró. Ti ìgbàlódé ń lo béárìn tó ń yí sí apá kan ṣoṣo, kì í mì rárá. Èyí dùn mọ́ ọwọ́ gan-an, ó sì ń jẹ́ kí ẹ tètè mọ̀ tí ẹja bá fọwọ́ kan ìjẹ. Àmọ́ béárìn yẹn kò fẹ́ gírísì púpọ̀, kò sì fẹ́ ìpẹtà. Bí ó bá ti bàjẹ́, ọwọ́ rílì á máa yọ̀ padà sẹ́yìn. Irin kékeré ti àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe irú rẹ̀.

Ìkẹrin ni bọ́bìnì. Bọ́bìnì Ambassadeur àtijọ́ wúwo, ó ń fẹ́ ìwọ̀ tó wúwo kó tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí dáadáa. Ti ìgbàlódé fúyẹ́, ọ̀pọ̀ sì ní mágínẹ́ẹ̀tì tó ń dín eré rẹ̀ kù kí okùn má baà lọ́ mọ́ra bí irun dàda. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á mọrírì mágínẹ́ẹ̀tì yìí ní wákàtí àkọ́kọ́.

Omi wo? Ẹja wo?

Odò Brazos gba Richmond àti Sugar Land kọjá, lẹ́bàá ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, kó tó wọ òkun ní tòsí Freeport. Orúkọ tí àwọn ará Spain sọ ọ́ túmọ̀ sí Apá Ọlọ́run. Omi rẹ̀ pupa bí omi ọ̀gbàrá, ó lágbára, igi wó sínú rẹ̀ níbi púpọ̀. Àwọn ẹja tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni blue catfish, channel catfish àti flathead catfish. Ẹja onírùngbọ̀n ni gbogbo wọn, ìyẹn mọ̀lẹ́bí ẹja àrọ̀ àti obòkún tí àwọn òbí wa mọ̀ nílé.

Bí wọ́n ṣe ń pa ẹja yìí kò gba eré sísá. Ẹ máa fi ẹ̀dọ̀ adìyẹ tàbí ègé ẹja tútù sẹ́nu ìwọ̀, ẹ máa so òjé bí áúńsì 2 sí 4 mọ́ okùn kí omi má baà gbé e lọ, ẹ máa jù ú sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ti jìn, ẹ máa sì dúró. Òjé tó wúwo máa ń yí bọ́bìnì àtijọ́ láìsí wàhálà. Jíà tó lọ́ra ló sì dára fún ẹja tó fẹ́ sá wọ abẹ́ igi. Ní Brazos, rílì àtijọ́ tí inú rẹ̀ mọ́ kò ní ohun tó fi kéré sí ti dọ́là 150.

Àpẹẹrẹ kan wà tó lè ya yín lẹ́nu. Nínú Trinity àti Brazos, ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní alligator gar. Ẹnu rẹ̀ gùn bí ti ọ̀nì, ó sì lè gùn ju ènìyàn lọ. Ní 1951, wọ́n fi ọ̀pá àti rílì fa ọ̀kan tó wọn pọ́ùn 279 jáde nínú odò Rio Grande ní Texas. Kábọ́ọ̀nù kò sí nínú rílì nígbà yẹn, Ambassadeur 5000 pàápàá kò tíì jáde.

Ẹ wá gbé ojú lọ sí Trinity lókè adágún Lake Livingston, láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹta. Nígbà náà ni ẹja white bass ń wọ́ lọ sókè odò láti lọ yé ẹyin. Ẹja kékeré ni. Ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pa á kò ju ìdámẹ́jọ tàbí ìdámẹ́rin áúńsì lọ, ẹ sì lè jù ú ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín òwúrọ̀ kan. Bí ẹ bá gbé Ambassadeur àtijọ́ lọ síbẹ̀, ìwọ̀ yín kò ní lọ jìnnà, ọrùn ọwọ́ á sì máa dùn yín kó tó di ọ̀sán. Rílì kékeré ìgbàlódé tó kọjú síwájú, tó fúyẹ́, tí okùn rẹ̀ tín-ínrín, ló yẹ kí ẹ lò níbẹ̀. Mitchell 300 lè ṣe é tí kò bá sí òmíràn, àmọ́ ó wúwo ju ti òde òní lọ.

Ohun tí àwọn apẹja ilé ti ṣe ṣáájú wa

Àwọn kan nínú wa máa ń rò pé ẹni tó bá fẹ́ràn ohun àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ohun tuntun kàn án. Àwọn apẹja Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò ronú bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní etíkun títí dé Benin, Togo àti Ghana, òwú ni wọ́n fi ń hun àwọ̀n tẹ́lẹ̀. Òwú máa ń jẹrà, wọ́n sì ní láti máa sá a sóòrùn. DuPont kéde náílọ́ọ̀nù ní 1938. Nígbà tí àwọ̀n náílọ́ọ̀nù wá dé etíkun wa lẹ́yìn ogun, àwọn apẹja gbà á, nítorí kì í tètè jẹrà, ó sì ń pa ẹja jù. Àmọ́ wọn kò ju ọkọ̀ onípákó wọn nù. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sí ìdí rẹ̀. Títí dòní, ẹ máa rí ọkọ̀ pákó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà oríṣiríṣi, tí ẹ́ńjìnnì Yamaha wà nídìí rẹ̀.

Ohun tí ó ṣeé tún ṣe ni wọ́n fi sílẹ̀, ohun tí àkókò ń jẹ run ni wọ́n pààrọ̀. Bí ó ṣe yẹ kí a ṣe rílì bàbá wa náà nìyẹn. Ara irin rẹ̀ lè dúró. Okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ, bíréèkì awọ rẹ̀ náà sì lè lọ.

Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ apẹja nílé kò lo rílì rárá. Wọ́n di okùn ìwọ̀ mú lọ́wọ́ lásán. Bí ẹja bá fà á, wọ́n á jẹ́ kí okùn gba àárín ìka kọjá, wọ́n á fún un mọ́ díẹ̀, wọ́n á tún tú u. Iṣẹ́ ìka yìí ni bíréèkì rílì ń gbìyànjú láti ṣe. Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá tó pẹja bẹ́ẹ̀ nígbà kékeré, ẹ fún un ní rílì yín kó fi ọwọ́ fa okùn rẹ̀. Kò ní pẹ́ kó tó sọ fún yín bóyá bíréèkì náà le jù.

Bí ẹ ṣe máa yẹ rílì àtijọ́ wò

Ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé rílì ti kú kí ẹ tó ṣe nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ó bá kàn le, gírísì inú rẹ̀ ló ti gan, ó ṣeé tún ṣe. Bí ó bá ń fò, tó ń dún bí ẹni ń họ irin, ó ṣeé ṣe kí eyín jíà ti jẹ.

2. Ẹ di bọ́bìnì mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Ó lè mì díẹ̀. Bí ó bá ń mì gan-an, béárìn tàbí ọ̀pá àárín ti jẹ nìyẹn.

3. Ẹ fún bíréèkì mọ́ díẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ fa okùn. Ó yẹ kó jáde láìdúró. Bí ó bá ń jáde ní fìrì-fìrì, ẹ pààrọ̀ pẹlẹbẹ inú rẹ̀.

4. Ẹ gbìyànjú láti yí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn tó bá mì díẹ̀. Àwọn rílì kan ní bọ́tìnnì tó ń fàyè gba yíyí sẹ́yìn, nítorí náà ẹ wo ìyẹn náà.

5. Ẹ fi òwú etí ra gbogbo ibi tí okùn ń gbà kọjá. Bí ó bá gbá òwú mú, ibẹ̀ ti họ, á sì gé okùn yín.

6. Ẹ ká okùn àtijọ́ kúrò pátápátá. Náílọ́ọ̀nù tó ti pẹ́ nínú ooru gáráàjì Houston kò ṣeé fọkàn tán mọ́, bó ti wù kó dára lójú tó.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí ẹ sì máa fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ohun tí ẹ bá yọ. Ẹ to sukúrù sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń yọ wọ́n. Gírísì díẹ̀ ni kí ẹ fi sí jíà, epo tín-ínrín díẹ̀ ni kí ẹ kán sí béárìn. WD-40 lè fọ ìdọ̀tí kúrò, àmọ́ kò lè rọ́pò gírísì.

Ọ̀rọ̀ okùn ṣe pàtàkì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni okùn dídì, èyí tí wọ́n di bí irun, ti wọ ọjà ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ó tín-ínrín, ó lágbára, kì í sì í nà. Àmọ́ ó lè la ojú irin àtijọ́ tí okùn ń gbà kọjá, ó sì lè máa yọ̀ lórí bọ́bìnì bí ẹ kò bá kọ́kọ́ fi náílọ́ọ̀nù díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Fún Mitchell àti Zebco àtijọ́, ẹ lo náílọ́ọ̀nù. Ó rọrùn fún wọn, owó rẹ̀ sì kéré.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ ra tuntun

Ẹ ra tuntun bí ẹ bá fẹ́ máa ju ìwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ bá ń pẹja lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tàbí bí rílì ilé bá ti jẹ eyín jíà tí kò sì sí ohun èlò rẹ̀ lọ́jà mọ́. Ẹ ra tuntun bákan náà bí ẹ bá máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí odò ti pàdé òkun, nítorí iyọ̀ kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ọ̀pọ̀ rílì ìgbàlódé ní ìdí tí omi kì í tètè wọ̀.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún rílì tuntun tó pọ́ọ́kú jù. Ike ló pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn, jíà wọn kì í pẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń ta ohun èlò wọn. Bí owó tó wà lọ́wọ́ yín kò bá ju dọ́là 30 lọ, Ambassadeur tàbí Penn tí ẹnìkan ń tà níwájú ilé rẹ̀ lè sàn ju rílì tuntun tí kò lórúkọ lọ, bí ó bá yege nínú ìdánwò tó wà lókè yìí. Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ wá irin àgbà tó ti fara da nǹkan.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ má rà rárá ná. Àwọn ọgbà ìpínlẹ̀ Texas kan máa ń yá àlejò ní ọ̀pá àti rílì. Ẹ lo ti wọn, ẹ lo ti bàbá yín, lẹ́yìn náà kí ẹ pinnu.

Kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná

Ní Texas, ẹni tó bá ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ kó tó pẹja. Àmọ́ ẹ lè pẹja láìní in bí ẹ bá dúró sí etí omi nínú ọgbà ìpínlẹ̀, irú bíi Brazos Bend State Park tó wà ní tòsí Needville. Ọ̀nì pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹ jìnnà sí wọn ní ẹsẹ̀ bàtà 30 ó kéré tán. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹfà lọ́dọọdún tún jẹ́ ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn lè pẹja láìní ìwé àṣẹ káàkiri ìpínlẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ jíjẹ tún wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ Texas ti fi ìkìlọ̀ síta lórí jíjẹ ẹja àti akàn láti Houston Ship Channel àti apá ìsàlẹ̀ odò San Jacinto, nítorí kẹ́míkà dioxin àti PCB. Àwọn ọmọdé àti obìnrin tó lè lóyún ni ìkìlọ̀ náà le fún jù. Ẹ yẹ ìkìlọ̀ omi tí ẹ ti pẹja wò kí ẹ tó fi ẹja rẹ̀ se ọbẹ̀ ata fún ìyá àgbà. Dídùn ọbẹ̀ kì í yọ kẹ́míkà kúrò.

Ẹ wo gíga omi Brazos náà kí ẹ tó kúrò nílé. Àwọn tó ń gbé Fort Bend rántí ọdún 2016, wọ́n sì rántí ìjì Harvey ní 2017. Òjò tó rọ̀ lókè odò lánàá lè mú kí omi ga níwájú yín lónìí láìsí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run. Etí odò rẹ̀ ga, amọ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Ẹ má dá nìkan lọ.

Lákòótán, bí ẹja àrọ̀ ńlá lẹ ń wá nínú omi pupa, ẹ tún ti àtijọ́ ṣe, kí ẹ fi okùn tuntun sí i. Bí ẹja kékeré tó ń sáré lẹ ń wá, ẹ ra tuntun tó fúyẹ́. Bí rílì kan bá wà nílé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí ẹ tó ra òmíràn. Ẹ béèrè ibi tó ti rà á, ẹja tó fi pa, àti ìdí tó fi dẹ́kun lílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá tó wá síbí wá kàwé ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 ti ń fẹ̀yìn tì báyìí. Wọ́n ní àyè lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Súkúdiráfà kékeré kan, aṣọ funfun kan àti gírísì díẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀.